Ṣé lóòótọ́ ni Leicester lé ìgbóná lọ láìgba abẹ́rẹ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Wolé-wolé. Ọmọ mi obìnrin bímọ, ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, a dúpẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ohùn kan lórí WhatsApp ló ti ní òun ò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ní láyé Ọbabìnrin Victoria, ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Leicester, ìlú iléeṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà. Ó ní gbogbo ìlú kọ abẹ́rẹ́ ìgbóná, wọ́n gbájú mọ́ ìmọ́tótó, ìgbóná sì fi wọ́n sílẹ̀, nígbà tí àwọn ìlú tó ń gbabẹ́rẹ́ ń sin òkú. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ni kí n wá sọ fún ọmọ mi?" Ìyá àgbà kan ló kọ ọ́ láti Ìsẹ́yìn.

Ìyá mi, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ká ní irọ́ funfun báláú ni, ìlà méjì ni ǹ bá fi dá yín lóhùn, ẹ ó sì lọ sùn. Àmọ́ ẹni yẹn kò purọ́ tán. Ó mú ìdajì òótọ́, ó fi ìdajì kejì sílẹ̀ níbi tó ti bá a, ìdajì tó fi sílẹ̀ yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n jẹun. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fẹ̀ ẹ́ lójú. Ìgbóná ni n ó máa pè é, àrùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní smallpox. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlú náà sì rèé, Lẹ́sítà ni wọ́n ń pè é lẹ́nu; bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ṣe ń kà á.

Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Leicester wà. Lọ́dún 1861, èèyàn ibẹ̀ ò pé 70,000. Nígbà tó fi máa di 1881, wọ́n ti lé ní 120,000. Ìbọ̀sẹ̀ híhun àti bàtà rírán ló kó wọn jọ síbẹ̀. Ilé so kọ́ra wọn, ògiri kan ni aládùúgbò méjì ń lò, ọ̀pọ̀ ilé ló sì jẹ́ pé garawa ni wọ́n ń ṣu sí, irú èyí tí agbépòó máa ń wá gbé lóru nílùú Èkó àtijọ́. Irú ibẹ̀ ni àrùn máa ń fẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin láti 1853 pé gbogbo ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ ìgbóná, ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní bupá, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta. Ní 1867, wọ́n mú òfin náà le: òbí tó bá kọ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e lónìí, kí wọ́n tún bù ú lé e lórí ọmọ kan náà lọ́la. Ní 1871, wọ́n ní kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan gba òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa lépa irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ kiri.

Kí a má tíì dá wọn lẹ́bi, ẹ wo bí bupá ṣe rí nígbà náà. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ọmọ lọ síbi tí dókítà ìjọba jókòó sí. Dókítà sín ọmọ ní gbẹ́rẹ́ lápá lójú mẹ́ta, mẹ́rin, ó sì fi omi tó fà lára egbò apá ọmọ ẹlòmíràn kùn ún. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá gbọ́dọ̀ gbé ọmọ padà. Wọ́n á wò ó bóyá ó mú. Bó bá ti mú, wọ́n á tú egbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú náà, wọ́n á fa omi inú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó tò sílẹ̀. Ọmọ ń ké, ìyá ń sunkún, owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì sì ti wọmi. Bí ọmọ tí wọ́n fa omi lára rẹ̀ bá ní àrùn míì nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè ran ẹni tó gbà á. Àwọn ọmọ kan kó sífílíìsì lọ́nà yẹn, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Olówó ní dókítà tirẹ̀, kì í tò sórí ìlà. Bó bá tiẹ̀ kọ̀, 20 ṣílè tí wọ́n lè bù lé e kò ju owó ọtí rẹ̀ lọ. Owó ọ̀sẹ̀ kan ni ìyẹn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Leicester. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òmùgọ̀ ni àwọn tó kọ̀ nígbà yẹn, n kì í bá a dá sí i. Èmi náà ì bá kọ̀.

Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá ni ìgbóná ńlá ti 1871 sí 1873. Lẹ́yìn ogun Faransé àti Jámánì ni àrùn náà jà káàkiri Yúróòpù. Ní England àti Wales, ó pa bí 42,000 èèyàn láàárín ọdún méjì, ó sì lé ní 300 tó pa ní Leicester nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn tó mú ni wọ́n ti bupá fún ní kékeré. Ará ìlú wá ń bi àwọn dókítà pé, ṣebí ẹ ní a ò ní ní in mọ́ láéláé? Àwọn dókítà ni wọ́n jẹ̀bi níbẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí Edward Jenner ti bẹ̀rẹ̀ bupá ní 1796 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fọ́nnu pé ẹ̀ẹ̀kan péré tó ẹnì kan títí ọjọ́ ikú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára rẹ̀ máa ń dín kù tó bá ti tó bí ọdún mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ti gbà á rí, bí ìgbóná bá mú un, kì í sábà le tó ti ẹni tí kò gbà á rí. Àwọn ará Jámánì gbọ́n sí i. Ní 1874, wọ́n ṣòfin pé ọmọ tó bá ti pé ọdún méjìlá gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ìgbóná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàwátì lọ́dọ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ẹlẹ́ẹ̀kejì di dandan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń fi òfin lépa tálákà lé lórí.

Èèyàn 2 ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ ní Leicester ní 1869 nítorí bupá. Ní 1881, iye náà ti lé ní 1,000. Ẹni tí kò bá rówó san, wọ́n á wọlé rẹ̀, wọ́n á kó àga àti tábìlì lọ lù ní gbàǹjo. Àwọn míì ṣẹ̀wọ̀n. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1885, wọ́n ṣe ìwọ́de kan tí ìròyìn rẹ̀ ṣì ń lọ títí dòní. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní èèyàn tó 100,000 (ẹ mọ ẹnu àwọn tó ń ṣètò ìwọ́de, àwọn míì ní kò tó bẹ́ẹ̀ rárá). Wọ́n gbé pósí ọmọdé kiri, wọ́n gbé ère Jenner kọ́ igi. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn tó ta ko òfin yìí gba ìgbìmọ̀ tó ń mú un ṣẹ nípa ìbò, wọ́n sì pa ìpẹ̀jọ́ tì. Nígbà tí 1890 fi kọjá díẹ̀, nínú ọmọ tuntun 20 tí wọ́n bí nílùú náà, kò ju bí 1 lọ tí wọ́n ń bupá fún. Títí dé ibí yìí, ohùn orí WhatsApp yẹn bá mi lọ. Ibí náà ló ti fo odò, ó bọ́ sí pé "ìgbóná sì fi wọ́n sílẹ̀."

Kò fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń lé e ni, ilé dé ilé, ọdún dé ọdún, iṣẹ́ náà sì le ju kéèyàn na apá ọmọ lọ. Ní 1879, ìlú náà gba òfin tiwọn pé dókítà tó bá rí ìgbóná lára ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fi tó iléeṣẹ́ ìlera ìlú létí lójú ẹsẹ̀. Huddersfield àti Bolton ti ṣáájú wọn díẹ̀, ìlú iléeṣẹ́ ni àwọn náà, àmọ́ kò di dandan káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1899. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Dókítà rí ọmọdékùnrin kan tí ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, tí nǹkan wá ń sú jáde níwájú orí àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ̀wé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti dé ẹnu-ọ̀nà, wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn àdádó tó wà lẹ́yìn ìlú. Ìyá, bàbá, àwọn àbúrò, àti àlejò tó bá sùn síbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n kó lọ sí ibùdó kan lẹ́bàá ilé ìwòsàn náà, wọ́n á wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á máa yẹ ara wọn wò lójoojúmọ́. Ilé wọn ńkọ́? Wọ́n dáná sun ibùsùn, wọ́n lẹ ojú fèrèsé àti ẹnu ilẹ̀kùn pa, wọ́n dáná imí-ọjọ́ sínú yàrá, wọ́n fọ ògiri. Òṣìṣẹ́ míì ti gba iléeṣẹ́ bàtà lọ láti béèrè àwọn tó jókòó ti bàbá ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àwọn tí wọ́n sé mọ́, ìlú ń san owó iṣẹ́ tí wọ́n pàdánù fún wọn, wọ́n sì ń rọ́pò ẹrù tí wọ́n jó. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, torí ó dùn mí lára. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, àrùn onígbáméjì wọ abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ tí n ò ní dárúkọ. Ọ̀gá ní ká sé agboolé kan mọ́. A fa okùn yí i ká, a fi ọlọ́pàá kan síbẹ̀, a padà sílé. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó rántí pé oko ni àwọn èèyàn yẹn ti ń jẹun. Lóru ọjọ́ kejì, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, àwọn mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn tí ìgbẹ́ ti ń yọ lẹ́nu ni wọ́n gbé sórí alùpùpù lọ sí abúlé àna rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí a gbọ́ ti abúlé àna náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá gbọ́ pé wọ́n sé ibì kan mọ́ nítorí àrùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: ta ló ń se oúnjẹ wọn? Àwọn ará Leicester ti dáhùn ìyẹn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ìdí nìyí tí àwọn òbí tó kọ bupá fi ń gbé ọmọ wọn jáde fúnra wọn nígbà tí àrùn bá dé, dípò kí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó wá kù. Wolé-wolé ni mí, ìyá mi. Ta ló tún fẹ́ gbé ìmọ́tótó ga jù mí lọ? Ìlú iléeṣẹ́ ayé Victoria ni wọ́n ti bí iṣẹ́ wa. Liverpool ló kọ́kọ́ gba dókítà ìlera ìlú, ní 1847, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ ilé onílé láti wo ẹ̀gbin. Irú wọn ni ìjọba amúnisìn kó wá bá wa níhìn-ín, tí àwọn èèyàn wa sọ ní wolé-wolé, tí wọ́n ń sáré da omi àmù nù kí á tó dé kí á má baà rí tanwíjí níbẹ̀. N ò ní sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi láìdáa. Àmọ́ ìgbóná kì í ṣe àrùn ẹ̀gbin. Kì í ti inú omi wá, eṣinṣin kì í gbé e. Èémí ẹni tó ní in, ara rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ló ń gbà ranni, ààfin tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ lójoojúmọ́ kò sì yọ sílẹ̀. J. T. Biggs, aṣojú kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú Leicester tó jẹ́ aṣáájú àwọn tó ta ko bupá, ní ìmọ́tótó ló ṣẹ́gun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a bi í ní ìbéèrè kan. Ní ìlú rẹ̀ kan náà, ní àwọn ọdún kan náà, ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ ọwọ́ bí ẹni gé koríko. Gbogbo ìgbà ooru ló máa ń dé. Nígbà tó burú jù, ó sún mọ́ ọmọ 1 nínú 5 tí kò ní ṣe ọjọ́ ìbí àkọ́kọ́, ìgbẹ́ gbuuru yẹn sì kó ipa ńlá níbẹ̀. Ilẹ̀ ìlú náà rẹlẹ̀, odò Soar ń kún bò wọ́n, garawa ìgbẹ́ wà lẹ́yìn ilé, eṣinṣin ń ti ibẹ̀ bọ̀ sínú wàrà ọmọ. Bí ìmọ́tótó wọn bá ti dára tó láti lé ìgbóná lọ, ìgbẹ́ gbuuru ni ì bá kọ́kọ́ sá. Ọdún 1891 ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi ẹ̀gbin ìlú jáde, wọ́n ń fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi rọ́pò garawa díẹ̀díẹ̀, ìgbà yẹn ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ìgbóná ti wà lábẹ́ ìkáwọ́ ṣáájú àkókò yẹn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkáwọ́ náà kò sì pé bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ní 1892 sí 1893, ìgbóná wọ Leicester, ó mú 357, ó pa 21. Ó tiẹ̀ wọ inú ọgbà ilé ìwòsàn náà, ó mú lára àwọn ọmọ tí wọ́n gbà síbẹ̀ nítorí ibà míì tó ń mú ara ọmọdé pọ́n. Nǹkan tí wọn kì í sọ fún yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ìlú tó kọ bupá fún ọmọ rẹ̀ kò fi ẹni tí kò bupá ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìgbóná bó bá rọ́gbọ́n dá sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń gbé aláìsàn, àwọn tó ń fọ aṣọ, tún un gbà ni wọ́n máa ń sọ fún wọn. Èèyàn 6 nínú wọn kọ̀ lọ́dún yẹn. Ìgbóná mú 5 nínú wọn, ó pa 1. Àwọn tó bá aláìsàn gbélé náà, wọ́n máa ń fi bupá lọ̀ wọ́n ní ibùdó àdádó. Ọ̀pọ̀ gbà á níbẹ̀ láìpariwo. Àní Dókítà Killick Millard tó di olórí ìlera ìlú náà ní 1901, tó wá gbà pé ìlú lè kápá ìgbóná láìfipá bupá fún gbogbo ọmọ, kò fìgbà kan ní kí wọ́n má bupá fún àwọn tó ti sún mọ́ aláìsàn. Nítorí náà, bí a bá ní ká sọ ọ́ bó ṣe rí, bupá kò kúrò ní Leicester. Wọ́n gbé e kúrò lápá gbogbo ọmọ, wọ́n gbé e sápá àwọn tó dúró lójú iná.

Ìlú tó gbìyànjú èyí tí ohùn WhatsApp ń wí gan-an wà: Gloucester. Orúkọ wọn jọra, kì í ṣe ibì kan náà. Àwọn náà pa bupá tì láti bí 1887, àmọ́ wọn kò ṣe ìdajì kejì. Ilé ìwòsàn àdádó wọn kéré, kò sì dáa. Ní 1895, ìgbóná dé. Nígbà tó fi máa parí ní 1896, ó ti mú 1,979, ó ti pa 434, àwọn ọmọdé tí kò bupá ló sì pọ̀ jù nínú òkú. Ìgbìmọ̀ tó pa òfin tì náà ló padà ń rọ ìlú pé kí wọ́n wá gbà á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì tò jáde. Ẹ fi 21 ti Leicester wé 434 yìí. Ìlú méjèèjì kọ̀, ọ̀kan ṣiṣẹ́, ọ̀kan káwọ́ gbera.

Leicester tún jẹ àǹfààní kan tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìlú tó yí i ká ń bupá. Ìgbóná kì í rọ́ wọlé bí omi òjò. Alárìnkiri kan ló máa ń gbé e dé lónìí, ọ̀kan míì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọn a sì ráyè mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Oko tí wọ́n ti ro yí ká, iná kì í tètè ràn án. Àwọn tó ń yin oko náà kì í rántí ẹni tó ro àyíká.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pé àwọn ará Leicester jàre pátápátá. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ jókòó láti 1889 títí di 1896. Ó ní bupá ń dáàbò bo èèyàn lóòótọ́, àmọ́ kí wọ́n yé bu owó ìtanràn léra wọn lórí ọmọ kan ṣoṣo. Òfin 1898 gbà kí òbí tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á kọ̀ ọ́, ó sì fi omi ara ọmọ màlúù tí wọ́n tọ́jú dáadáa rọ́pò gbígbé e láti apá dé apá. Ariwo àwọn òṣìṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn wà lára ohun tó mú abẹ́rẹ́ dára sí i. Ọ̀nà wọn pàápàá padà wá wúlò lórílẹ̀-èdè wa níbí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ lágbègbè Ogoja, abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ kò sì tó gbogbo ènìyàn. Dókítà William Foege àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wá abúlé tí aláìsàn wà kàn, wọ́n bupá fún àwọn tó yí aláìsàn ká àti àwọn tó ṣeé ṣe kí ó kàn, wọ́n sì ká a mọ́. Iṣẹ́ Leicester ni, àfi pé abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbé kiri ayé títí tí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde ní 1980 pé ìgbóná ti parí. Àpá tó wà lápá yín, ìyá mi, bó bá jẹ́ pé ẹ ti dáyé ṣáájú ìgbà náà, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ṣé kí á wá ṣe Leicester sí èéyi? Ibí ni ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yín wà. Ìgbóná jẹ́ ọ̀tá tó ń lu agogo kó tó wọlé. Bó bá wọ ara ẹnì kan, bí ọjọ́ méjìlá ló fi máa ń wà níbẹ̀ kó tó fara hàn, kì í ran ẹlòmíràn láàárín ìgbà yẹn. Bó bá sì jáde, ojú gbogbo ayé ló ti ń rí i. Ẹni tó ti fara kàn án tiẹ̀ lè gba bupá láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó má mú un. Àyè wà láti sáré. Èéyi kò fúnni láyè. Ọjọ́ bíi mẹ́rin kí ó tó sú sára ọmọ ló ti ń ran àwọn ọmọ míì, nígbà tí gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni. Nínú ọmọ 10 tí kò ní àjẹsára tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé, ó lè mú 9. Kí wolé-wolé tó dé, ó ti kọjá lọ sí ojúlé kẹta. Rọparọsẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó gbé e sára kì í rẹ̀ rárá, ta ni ẹ fẹ́ yà sọ́tọ̀? Ipá tó ń mú ọmọ tuntun gan bí igi, inú ilẹ̀ ló ti ń wá, kò sí aláìsàn tí a fẹ́ gbé lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ọgbọ́n Leicester gbéṣẹ́ fún ìgbóná torí irú ẹni tí ìgbóná jẹ́.

Ní ti ọmọ yín obìnrin, ẹ má fi òfin bá a jà, ẹ má sì pè é ní òpè. A ti rí ibi tí ìyẹn gbé wọn dé ní 1885. Ẹ bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù àrùn ẹlòmíràn ló ń bà á, ẹ sọ fún un pé abẹ́rẹ́ òde òní kì í ti apá ọmọ kan bọ́ sí ti èkejì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, kí ó wò ó bí nọ́ọ̀sì bá ń já ọ̀rá rẹ̀. Bó bá jẹ́ ibà tó máa ń tẹ̀ lé e ni, òótọ́ ni, ara ọmọ lè gbóná, ojú ibẹ̀ lè wú, ọmọ lè má jẹ́ kí ẹ sùn lóru ọjọ́ kan. Èmi kì í ṣe dókítà. Bí abẹ́rẹ́ ìṣáájú bá ti fa gìrì tàbí tí ojú ọmọ wú bò ó, kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí wọ́n tó gba òmíràn, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ mi gbé e.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ náà á pé oṣù mẹ́sàn-án, abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló kàn án nígbà yẹn, èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì sì di oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ohun kan tí wọn kì í sábà sọ fún àwọn ìyá: ìgò èéyi kan máa ń tó ọmọ mẹ́wàá, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó kọjá wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà, àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kan kì í fẹ́ ṣí i fún ọmọ kan ṣoṣo, wọ́n á ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá, ìyá á bínú, kò ní padà. Ẹ fi fóònù béèrè ọjọ́ èéyi wọn kí ẹ tó gbéra, ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì mú káàdì ọmọ dání.